Ìdí tí ẹ fi ń rí ìyẹ́ tòlótòló nínú fídíò irun mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ ti ń bi mí pé kí ni nǹkan dúdú onírun tó máa ń wà lórí tábìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò òróró irun. Ẹnì kan ní aáyán ni. Ẹnì kan ní oògùn ni, Ọlọ́run á dárí jì ẹ́. Ẹlòmíì ní yẹtí ni, ó tún ní èló ni mò ń tà á. Ìwọ̀ ẹja ni o. Ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

"Fly" ni àwọn tó ń lò ó ń pè é. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín, kò sí eṣinṣin kankan níbẹ̀. Ìwọ̀ lásán ni, tí èèyàn fi òwú so ìyẹ́ mọ́ lára títí tó fi dà bí ohun tí ẹja lè jẹ. Kò sí ekòló nínú rẹ̀, kò sí ẹran. Òwú, ìyẹ́, wáyà, ó tán. Ọwọ́ ẹni tó bá di ọ̀pá ìpẹja mú ló máa jẹ́ kó rí bí ohun ẹlẹ́mìí nínú omi.

Èyí tí mò ń ṣe ń jẹ́ Woolly Bugger. Ọkùnrin kan ní Pennsylvania, Russell Blessing, ló ṣe é, ọdún 1967 ni wọ́n sì máa ń dá fún un. Kòkòrò kan wà tó ń gbé abẹ́ òkúta nínú odò níbí, hellgrammite ni wọ́n ń pè é. Ó dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì lè gé èèyàn jẹ. Ẹja bass fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn súìtì. Òun ni Blessing ń wá bó ṣe máa fara wé. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé gbogbo ẹja yòókù náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, títí kan àwọn tí kò rí hellgrammite rí láyé wọn.

Ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ni mo wà, ní Harrisburg, létí odò Susquehanna. Odò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì kan ní ìbú níbi tí mo wà yìí, àmọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, ibi púpọ̀ wà níbẹ̀ tí omi rẹ̀ ò ní ju orúnkún lọ. Òkúta ló kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bass tó wà nínú rẹ̀ gan-an, smallmouth, kì í ṣe ọmọ odò náà látilẹ̀. Ọ̀rúndún 19 ni wọ́n gbé e wá síbẹ̀. Ẹ wò ó báyìí, bíi pé òun ló ni odò.

Ó dáa, báwo ni oníṣẹ́ irun ṣe wá dé ìdí ẹja?

Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni. Mò ń kó irun fún ọ̀rẹ́ mi kan ní fàráńdà iwájú ilé, torí pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dáa fún fídíò. Irun kíkó ni o, olówùú, kì í ṣe dídì. Bàbá òyìnbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa jáde wá gbé lẹ́tà rẹ̀, ó sì dúró. Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ń wo ọwọ́ mi kó tó lanu. Kò bèèrè nípa irun rárá. Ó ní, "Ọmọ, irú òwú wo nìyẹn? Báwo lo ṣe ń ṣe é tí kì í tú?"

Bàbá yìí ti lé ní ẹni ọdún 80. Ó ti sọ fún mi láìmọye ìgbà pé kí n máa pe òun lórúkọ. Ẹnu mi ò gbà á. Ẹni tó ju bàbá tó bí mi lọ! Bàbá ni mò ń pè é, ó sì ti ń jẹ́ ẹ.

Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń gbọ̀n. Ó lè di ife mú tó bá fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ó sì lè ju okùn ìpẹja síbi tó wù ú, ẹ máa rí i níwájú. Ṣùgbọ́n kó fi òwú tó tín-ín-rín bí irun orí yí ìwọ̀ kékeré po? Ìyẹn ti parí. Lọ́jọ́ kejì ló gbé àpótí pẹlẹbẹ kan wá fún mi. Ibi tí wọ́n ń gún fly mọ́ nínú rẹ̀ á tó ọgọ́rùn-ún. Mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Ó ní ọmọ òun ti rí ẹni tó fẹ́ ra gbogbo ọ̀pá ìpẹja òun, òun sì ti sọ fún un pé ọjọ́ tí àpótí yìí bá ṣófo ni kó wá kó wọn lọ.

Mo ní, "Bàbá, ṣé wọn kì í tà á ní ṣọ́ọ̀bù ni?" Ó ní wọ́n ń tà á. Ó ní irun tí wọ́n ń kó sí tiwọn lára ti pọ̀ jù, àfi bí ìgbálẹ̀. Mo rò pé agídí àgbà lásán ni. Nígbà tí èmi náà mọ̀ ọ́n ṣe, mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á fẹ́ dán an wò.

Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní vise. Ó máa ń gbá ìwọ̀ mú gbọn-in bí ẹnu alákàn, kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ráyè ṣiṣẹ́. Ìwọ̀ nọ́ńbà 8 tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ni Bàbá fẹ́ràn. Ó máa ń ní kí n kọ́kọ́ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó lè tètè yọ lẹ́nu ẹja láìya á. Lẹ́yìn náà, ẹ mú wáyà tó wúwo, èyí tí kò ní òjé nínú, kí ẹ yí i po iwájú ọ̀pá ìwọ̀ ní ìgbà 10 sí 15. Iwájú ni kó wà o. Ìdí ni pé tí ẹ bá fa okùn, fly á gbé orí sókè, tí ẹ bá dúró, orí á kọ́kọ́ rì. Lílọ sókè sódò yẹn ni ẹja ń rí tó fi ń bínú.

Ẹ wá fi òwú bo gbogbo ọ̀pá náà láti iwájú dé ibi tó ti tẹ̀ lẹ́yìn. Ìrù ló kàn. Ìyẹ́ tí a ń lò fún ìrù ń jẹ́ marabou, orúkọ ẹyẹ ńlá ilẹ̀ Áfíríkà kan tó máa ń bá igún dù òkú ẹran. Láyé àtijọ́, ti ẹyẹ yẹn ni wọ́n ń lò. Ní báyìí, ìyẹ́ rírọ̀ ara tòlótòló ni, wọ́n kàn fi orúkọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá gbẹ, ó máa ń fẹ̀ bíi òwú tí wọ́n gbọ̀n, ojú á sì tàn yín pé ó ti pọ̀ tó tàbí pé ó ti pọ̀ jù. Ẹ fi omi rẹ ìka yín, ẹ fi fà á kó lẹ̀ mọ́ra. Bó ṣe máa rí nínú odò nìyẹn. Gígùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju gígùn ọ̀pá ìwọ̀ lọ. Tí ìrù bá gùn jù, ẹja á bu ìrù jẹ, á sì máa bá tiẹ̀ lọ láìkan ìwọ̀.

Níbi ìdí ìrù yẹn náà ni ẹ máa so ohun mẹ́ta mọ́: wáyà bàbà tín-ín-rín, ìyẹ́ gígùn láti ẹ̀yìn àkùkọ, àti chenille, ìyẹn òwú kan tó nípọn tó sì rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ òtútù ọmọ ìkókó. Ẹ yí chenille wá síwájú, òun ni ara. Ẹ wá yí ìyẹ́ àkùkọ tẹ̀ lé e, kì í ṣe kí ẹ tò ó pọ̀ síbì kan, ìyípo márùn-ún tàbí mẹ́fà tí àyè wà láàárín wọn ti tó. Irun rẹ̀ á yọ síta yíká bí ẹsẹ̀. Níkẹyìn, ẹ yí wáyà bàbà ní òdì kejì, kó gba orí ìyẹ́ náà kọjá. Eyín bass kéékèèké ni, wọ́n rí bí bébà tí káfíńtà fi ń họ igi. Tí kò bá sí wáyà, lẹ́yìn ẹja kejì ìyẹ́ á ti já, gbogbo rẹ̀ á tú palẹ̀.

Orí fly ni ìdánwò wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọ máa ń lo gbogbo àyè tán kí wọ́n tó débẹ̀, ojú ìwọ̀ á wá dí, wọn ò ní ríbi ki okùn bọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti fi àyè bí ìlọ́po méjì ojú ìwọ̀ sílẹ̀. Ẹ ta kókó, ẹ gé òwú, ẹ kán cutex aláìláwọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, cutex èékánná. Bàbá ní omi-lẹ́ẹ̀mọ́ tí wọ́n ṣe fún un, ó wọ́n, cutex mi sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. A ti jà lé e lórí, mo borí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kó irun rí, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Òwú gbọ́dọ̀ le tó láti di irun mú, kó má sì le débi tí á fa awọ orí. Ìyípo kan gbọ́dọ̀ fara ti èkejì láìgun ara wọn. Ìyá onídìrí tó ń kó irun fún mi ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà ní pámárì máa ń fi eyín di òpin òwú mú nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó fi bobbin hàn mí, ohun èlò kékeré tó máa ń di òwú mú fúnra rẹ̀. Mò ń lò ó. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo ṣì máa ń lo eyín.

Wàyí o, ìbéèrè tí èmi náà bi í: kí ló dé tí gbogbo ẹja fi ń jẹ nǹkan kan ṣoṣo? Bass, bluegill tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, crappie, catfish tó ń gbé ìsàlẹ̀ omi, carp tó ń ṣe fínnífínní. Gbogbo àwọn ẹja omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yìí, oúnjẹ wọn ò dọ́gba, ẹnu wọn ò dọ́gba.

Bàbá ò dá mi lóhùn. Ó bu omi sínú ife dígí gíga kan, ó so fly mọ́ okùn, ó sọ ọ́ sínú rẹ̀, ó ní kí n máa fà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin, ohun tó dà bí ìgbálẹ̀ yìí là! Tí mo bá fà á, ìyẹ́ ìrù á sún mọ́ra, á tín-ín-rín bí ẹja wẹ́wẹ́ tó ń sá. Tí mo bá dúró, gbogbo irun á ṣí, á máa mí, lóòótọ́ ó dà bíi pé ó ń mí. Dúdú rẹ̀ lè jẹ́ eṣúṣú. Aláwọ̀ ilẹ̀, tí ẹ bá ń wọ́ ọ lórí òkúta, edé odò tó ń fi ẹ̀yìn rìn ni. Aláwọ̀ ewé lè jẹ́ ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì ní ìrù. Kò jọ ìkankan nínú wọn délẹ̀délẹ̀, ẹja ló ń fi èyí tí ebi rẹ̀ ń pa á fún kún un. Nígbà tó bá ṣí yẹn, tó dúró jẹ́ẹ́, ni ẹja sì sábà máa ń gbé e. Ìdí nìyẹn tí irun púpọ̀ fi ń bà á jẹ́. Tó bá ti ki jù, kò ní ráyè ṣí, kò sì ní tètè rì. Mo wá mọ ohun tí Bàbá ń sọ nípa ti ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó tún wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò fẹ́ ìyẹ́ olówó iyebíye. Ẹ mọ̀ pé èèyàn ti tìtorí ìyẹ́ jalè? Ní ọdún 2009, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ fèrè ní London, Edwin Rist, fọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Tring, ó kó òkú ẹyẹ 299 lọ, torí pé àwọn tó ń ṣe fly ẹja salmon bíi ti ayé ìgbà Ọbabìnrin Victoria ń wá ìyẹ́ wọn lójú méjèèjì. Ẹyẹ 299! Tèmi, àkùkọ àti tòlótòló.

Àkùkọ náà ní ìtàn tirẹ̀ o, àwọn oníirun ẹ súnmọ́bí. Àwọn àgbẹ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé nítorí ìyẹ́ nìkan ni wọ́n fi ń sin àkùkọ, wọ́n ń yan irú èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ní 2011, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í so ìyẹ́ yẹn mọ́ irun. Ó di àṣà kíá. Àwọn sálúùnù kó gbogbo rẹ̀ tán lọ́jà, owó rẹ̀ ré kọjá òrùlé, àwọn apẹja bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Bàbá ṣì ń bínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀yin oníirun lẹ fà á." Mo ní, "Bàbá, mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn!"

Màámi ní Ìbàdàn ò tíì gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé. Mo fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. "Ṣé ẹja ni a ní kó o lọ máa pa lókè òkun ni?" Mo ní, "Rárá o Mà, Bàbá kan ni mò ń ṣe é fún." "Wọ́n á wá fún ẹ lẹ́ja?" Mo ní Bàbá kì í mú ẹja wálé, tó bá ti yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó máa ń dá a padà sódò. Màámi dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Ó pa ẹja, ó tún dá ẹja padà. Ó fi ẹja náà ṣeré ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní èsì, ẹ bá mi fún wọn.

Àwọn kan á sọ pé Clouser Minnow ló dáa jù. Bob Clouser ló ṣe ìyẹn, ní Middletown, ìsàlẹ̀ odò yìí kan náà, láàárín 1980 sí 1990. Irun ìrù àgbọ̀nrín àti ojú onírin méjì ló wà lára rẹ̀, Lefty Kreh tí gbogbo apẹja mọ̀ ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ó rẹwà lójú kámẹ́rà ju Bugger lọ, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹja wẹ́wẹ́ ni, ẹja wẹ́wẹ́ náà ló máa jẹ́. Ẹni tí àpótí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo kò lè fi gbogbo ọ̀rọ̀ lé ẹja wẹ́wẹ́ lọ́wọ́.

Gbogbo ìgbà òtútù ni mo fi ń ṣe é. Yìnyín wà níta, Bàbá á gòkè wá pẹ̀lú ife dígí rẹ̀, á máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra iṣu lọ́jà. Èyí tó bá wù ú, á gún un mọ́ àpótí fúnra rẹ̀. Ìyẹn nìkan lè gba ìṣẹ́jú méjì nítorí ọwọ́ rẹ̀. Mi kì í bá a ṣe é. Mo gbìyànjú láti na ọwọ́ nígbà kan, ó wò mí báyìí, mo sì fà á padà. Nígbà tí oṣù kẹta máa fi parí, ó ti pé 24. Ọmọ rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sunday kan, ó ṣí àpótí, ó wò ó, ó tún wo èmi. Kò sọ nǹkan kan. Ó pa á dé.

Oṣù kẹfà ni wọ́n tó lọ sódò. Bàbá ní kí n bá wọn lọ, kí n má gbé kámẹ́rà dání. Torí náà kò sí fídíò, ẹ gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ọmọ rẹ̀ dì í mú títí omi fi dé orúnkún wọn, ó wá fi í sílẹ̀, ó dúró sẹ́yìn níwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Èmi jókòó sórí òkúta. Ó ju okùn sí ẹ̀yìn àpáta kan, ó jẹ́ kí fly rì, ó fà á, ó dúró. Ó fà á, ó dúró. Ọwọ́ yẹn ò yéé gbọ̀n. Okùn náà ń gbọ̀n tẹ̀ lé e. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣó o rí i? Àwọn ọ̀dọ́ á fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú un gbọ̀n báyìí." Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rín.

Bass mẹ́rin ló mú, kí a tó lọ sílé. Èyí tó tóbi jù gùn láti ìka mi dé ìgúnpá. Ọmọ rẹ̀ bá a yọ ìwọ̀ lẹ́nu wọn, Bàbá dì wọ́n mú lábẹ́ omi títí wọ́n fi lọ fúnra wọn. Fly mẹ́ta ha sínú òkúta, a ò rí wọn yọ. Èyí tó fi mú ẹja kẹrin, chenille rẹ̀ ti ya, ìrù rẹ̀ ti jẹ tán, àmọ́ wáyà bàbà ò já.

Fún àwọn tó ń bèèrè iye: mi ò tà á o. Bàbá ló ni ìwọ̀, òun ló ni ìyẹ́, cutex nìkan ni tèmi. Tí ẹ bá fẹ́ kí n ṣe fídíò bí a ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀, màá ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí. Bàbá gòkè wá láàárọ̀ yìí, ó fẹ́ méjìlá sí i kó tó di ọjọ́ Saturday: dúdú, nọ́ńbà 8, ó ní kí ìrù wọn kúrú díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.